Àwọn Ohùn Tí Kò Kúrò ní Kétu

Ìyàwó mi gbéra lọ sí ìlú òyìnbó láti lọ bá ọmọ wa obìnrin tọ́jú ìkókó, ó sì fi ilé sílẹ̀ fún èmi àti ẹ̀fọn. Ọdún díẹ̀ ni lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká gbòde. Ẹ̀yìn ọjà Kétu ni a ń gbé nígbà yẹn, ní apá ibi tí ọ̀nà ti ń yà sí Ìkòsì, yàrá méjì àti pálọ̀. Kí ó tó lọ, ilé náà kéré débi pé bí ẹnì kan bá sín ní yàrá, ẹni tó wà ní kíṣìnnì ni yóò nu imú. Nígbà tó lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù nínú rẹ̀. Mo kúrò ní pálọ̀ lọ́jọ́ kan láti lọ bu omi mu, àfi bí ẹni pé mo ti Ìbàdàn ń lọ sí Jẹ́bà. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé ìdí àmù. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é nírọ́. Èmi ni mo rin ìrìn náà.

Dírẹ́bà lọ́rì ni mí. Ata àti tòmátì ni mo fi gbogbo agbára mi kó láti Òkè Ọya wá sí Mile 12, títí ojú mi fi ń rí ọkọ̀ kan bíi méjì, tí mo sì ń yà fún èyí tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ní ti ìwé, Sítáńdáàdì Fóò ni mo dé. Kì í ṣe pé orí mi ò gbé e. Ilé ìwé náà ni kò gba èmi àti tíṣà wa pọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n kà, mo sì mọ̀ ọ́n kọ, bí ẹ ti ń rí i yìí.

Ọmọ wa yẹn ló kàwé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́, òun náà ló sì ń ṣe kó tó lọ bá ọkọ rẹ̀ lókè òkun. Ó wá kí wa nígbà Kérésì kan pẹ̀lú oyún nínú, ó ní tí òun bá ń padà, òun á mú Mummy dání, nítorí òun ò mọ ẹni tó máa wẹ ọmọ fún òun níbẹ̀. Mo ní kó mú wọn lọ. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ọmọ ni, ìyá rẹ̀ ni, ìkókó sì ń bọ̀. Mo tiẹ̀ ń yangàn káàkiri àdúgbò pé àwọn òyìnbó ló ránṣẹ́ pe ìyàwó mi nítorí mọ́ínmọ́ín rẹ̀, pé wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú kò gbọdọ̀ gbéra bí kò bá tíì jókòó.

Kí wọ́n tó lọ, ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀. Ó fa wáyà kan gba ojú fèrèsé wọlé láti káfẹ̀ aládùúgbò wa, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe irú kọ̀ǹpútà tó ní àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ káàkiri. Ojú tirẹ̀ dúdú kirimú, lẹ́tà funfun nìkan ló wà níbẹ̀, igi tín-ín-rín kan á sì máa ṣẹ́jú sí èèyàn títí yóò fi sọ ohun tó fẹ́.

“Daddy, mo ti kọ síkírípìtì kan fún yín,” ó ní.

Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé àṣẹ ni, tí èèyàn kọ sínú ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ á máa kà láti òkè wá sílẹ̀, tí á sì máa ṣe ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀ láì jiyàn.

“Irú ọmọ tí mo bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn,” mo ní.

Ìyá rẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò tiẹ̀ wojú mi. “Irú ọkọ tí èmi náà bẹ̀ Ẹ́ fún nìyẹn,” ó ní.

Orúkọ síkírípìtì náà ni ohun, ìyẹn ohùn láìsí àmì lórí. Bí mo bá tẹ orúkọ yẹn, màá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, màá wá tẹ ìlà kékeré kan tí ọmọ náà ń pè ní dáàṣì, pẹ̀lú lẹ́tà kan ní ìdí rẹ̀. Lẹ́tà yẹn ló ń sọ ohun tí mo fẹ́. Dáàṣì f, mo fẹ́ fetí sí ohùn tó dé. Dáàṣì r, mo fẹ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n r kì í dá rìn, orúkọ ẹni tí a ń ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn tímọ́tímọ́. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, màá tẹ ohun -r mama, màá tẹ bọ́tìnnì ńlá, màá sọ̀rọ̀ sínú maikirofóònù, màá tún bọ́tìnnì náà tẹ̀, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ síbẹ̀ fún mi pé: Ó ti parí. Ohùn mi á ti wọ ìmeèlì, ó di òkè òkun.

Fóònù wà o, ẹ má rò pé kò sí. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń pè mí. Ṣùgbọ́n àna mi, ọmọ dáadáa, á ti gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ mi. Ta ló máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òtútù ń mú òun ní ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, kí àna máa gbọ́? Màá ní, “Ẹ kú ilé.” Wọ́n á ní, “Ẹ kú ilé, Daddy.” Màá béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ara mi, iná ńkọ́, òjò ńkọ́, ó tán. Inú ẹ̀rọ ni a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ bíi tọkọtaya.

Ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, mo gbọ́ ọ títí. Kó tó sọ̀rọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ tún ọ̀fun ṣe. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò sì kà á sí nǹkan kan rí. Ìgbà mìíràn á tiẹ̀ máa bí mi nínú, nítorí mo mọ̀ pé ẹjọ́ ló ń bọ̀. Ìgbà tó wá di pé inú ẹ̀rọ ni mo ti ń gbọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń dá a padà sí. Màá gbọ́ ọ tó tún ọ̀fun ṣe, màá dá a dúró, màá jókòó díẹ̀ kó tó di pé mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó máa ń dà bíi pé ó wà ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, tó fẹ́ bi mí léèrè ẹni tó mu omi inú kẹ́tùlù tán.

Ó sọ fún mi pé ọmọ náà fi etí jọ mí. Ó ní oòrùn ibẹ̀ dà bí àwòrán oòrùn, ó ń tàn ṣùgbọ́n kì í ta èèyàn lára. Ó ní òun sá aṣọ síta, nígbà tí òun máa ká a, ó ti gan bíi pákó. Mo sọ fún un nínú ọkàn mi pé, ìwọ náà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́.

Èmi náà kò sì jẹ́ kó dá purọ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀fọn Kétu gbé fìlà mi lórí mi, ó gbé e dé Òjọ́ta, ó wọ̀ ọ́ wò, kò bá a lórí mu, ó sì dá a padà fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Mo sọ ti tòmátì kan tó wọ Mile 12, tó tóbi débi pé àwọn alábàárù jókòó sí ìbòòji rẹ̀ jẹun ọ̀sán. Mo ní jẹnẹrétọ̀ oníkáfẹ̀ wúkọ́ títí tí ìyá alágbo fi dúró ní ìdí rẹ̀, tó ní kí wọ́n bu ìgò àgbo kan sí i lẹ́nu. Ó máa ń dá mi lóhùn pé, “Daddy, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ọmọ ń sùn,” màá sì gbọ́ ẹ̀rín tó ń pa mọ́ sínú ìborùn. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi ń jẹun.

Ọ̀nà tí ọmọ wa fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Láyé iṣẹ́ lọ́rì wa, kí fóònù tó dé, ẹnu dírẹ́bà ni lẹ́tà wa. Bí táyà bá dá mi dúró ní Jẹ́bà, tí mo fẹ́ kí ilé mọ̀, màá wá ẹni tó ń lọ sí Èkó. Ohun àkọ́kọ́ tí màá fi síwájú rẹ̀ ni ẹni tí mo ń ránṣẹ́ sí: ìyàwó mi, ní Kétu, lẹ́yìn ọjà, obìnrin pupa tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. Dírẹ́bà náà á tún un pè fún mi. Ìgbà tí mo bá rí i pé ó ti mọ ẹni náà tán ni màá tó la ẹnu iṣẹ́. Ẹni tó bá da iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dárúkọ ẹni tó ni ín, àwọn àgbà gáréèjì á ní afẹ́fẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá wò mí bí mo ṣe ń pariwo ránṣẹ́, ránṣẹ́, kí n tó dárúkọ obìnrin tó bímọ fún mi. Ojú ń tì mí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, mo tún un ṣe. Mo tẹ ohun mama -r. Mo dúró wò ó bóyá ẹ̀rọ á bínú. Kò bínú. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀, mo sọ ti ẹ̀fọn Ìkòsì kan tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó sì kọ ọ́ pé: Ó ti parí. Inú mi dùn pé mo ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tó yá, mo fi kíkí kún un: ohun ekaaro mama -r. Ó ti parí náà ló ń wí.

Ọ̀gá oníkáfẹ̀ bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ará Ìjẹ̀bú ni, èèyàn kúkurú kan tó máa ń tọ wáyà rẹ̀ kiri bí ẹni ń tọ okùn ewúrẹ́. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ka ohun tí mo tẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀rọ lẹ̀ ń kí yẹn?”

“Ìwọ tí o kì í kí tìẹ,” mo ní, “ṣé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kú mọ́ àwọn kọ́sítọ́mà lójú?”

“Tèmi wá ṣiṣẹ́ ni, wọn ò wá ṣe àlejò.”

“Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa àlejò?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá,” ó ní, “ẹnu yín ò ní jẹ́ kí ẹ kú.” Ó sì bá ti wáyà rẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Èyí tó máa ń gùn tẹ́lẹ̀ kúrú. Kò dárúkọ ẹ̀fọn mọ́, kò dárúkọ tòmátì. Ó béèrè bóyá mo wà dáadáa, ó ní àwọn náà wà, ó dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ ló ń dà á láàmú. Mo wá irọ́ tó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Kò sí ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn rárá. Màá tẹ ohun -f láàárọ̀, ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan tuntun. Màá tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, kò sí. Lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday, “A dúpẹ́” ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀. Oúnjẹ ńkọ́? A dúpẹ́. Orúnkún ńkọ́? A dúpẹ́. Àna mi á sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Ta ni mo fẹ́ bi? Àgbàlagbà kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ìyàwó òun ṣì fẹ́ òun. Mo rò ó pé ó ti rí ilé tí omi gbígbóná ti ń jáde lára ògiri, ibi tí iná kì í lọ. Kí ló fẹ́ padà wá ṣe ní ilé tí òjò máa ń wọlé kí onílé tó wọlé? Ìró rẹ̀ kan wà lára ìṣó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. N kò yọ ọ́. Nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, màá gbójú sókè. Ní ìrọ̀lẹ́, màá rìn jáde lọ dúró sí ibùdókọ̀ Kétu, màá máa wo àwọn obìnrin tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìkòròdú pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọ̀kan á rìn bíi tirẹ̀, á máa tiro díẹ̀ ní ẹsẹ̀ òsì, ọkàn mi á fò. Á yíjú, á di ìyá ẹlòmíràn. Mo kí wọn o, gbogbo wọn. Wọ́n á ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá, ta lẹ̀ ń dúró dè?” Màá ní ọkọ̀ ẹran kan ni mo ń retí láti Òkè Ọya, tí màlúù fúnra rẹ̀ ń wà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín kọjá.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ọmọ wa gba fóònù. “Daddy, Mummy ní àwọn ò ní tíì máa bọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn pààrọ̀ ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Wọn ò dá ọjọ́. Wọ́n ní ká ṣì fi í sílẹ̀ gbayawu.”

Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ, nígbà tí àna ń gbọ́? Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ. Mo pè é bí mo ti máa ń pè é, ohun mama -r. Nígbà tó ní kí n máa sọ̀rọ̀, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní irọ́ nínú. Mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo tún un tẹ̀. Níkẹyìn mo ní, “Màmá, kò sí ìtàn lónìí. Mo ń ṣe oúnjẹ ẹni méjì, mo sì ń jẹ ti ẹnì kan. Máa bọ̀ wálé.” Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ ní: Ó ti parí.

Mo dúró de èsì. Mo dúró títí ìró ara ìṣó fi di aládùúgbò mi. Kò sí èsì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti fi irọ́ gba ìfẹ́ rí, ẹ ó mọ bó ṣe ń rí lára kí èèyàn sọ òótọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n má sì dá a lóhùn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni fóònù tún dún. Ọmọ wa ni. Ó ti jáde síta, mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

“Daddy, ẹ̀ṣẹ̀ kí ni Mummy ṣẹ̀ yín?”

“Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Èmi kọ́ ló ní òun ò bọ̀.”

“Ẹ ò ránṣẹ́ sí wọn mọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti ní òjò bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, ohùn yín kan ò dé ibí. Wọ́n á gbé ọmọ sẹ́yìn, wọ́n á dúró ti kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kí n wò ó bóyá ó ti dé. Wọn kì í tiẹ̀ béèrè mọ́ báyìí. Wọ́n ní bí ilé bá ń fẹ́ àwọn, ilé á pe àwọn.”

Mo jókòó. “Gbogbo ìgbà ni mo ń pè é,” mo ní. “Mo pè é títí ọ̀fun mi gbẹ. Ẹ̀rọ rẹ ló ń sọ fún mi pé ó ti parí.”

“Ẹ wà nídìí rẹ̀? Ẹ ka ohun tí ẹ máa ń tẹ̀ fún mi, bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́.”

“Ohun. Lẹ́yìn náà, ekaaro. Lẹ́yìn náà, mama. Lẹ́yìn náà, dáàṣì r.”

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀ ni tàbí ẹkún. Ó ní, “Daddy. Daddy mi.” Nígbà tó rí ohùn lò, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún ni síkírípìtì òun ń ka ohun tí mo bá tẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ní dáàṣì lórí, ó mọ̀ pé àṣẹ ni, á mú un. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ọ̀rọ̀ tí kò ní dáàṣì, á gbà pé àṣẹ ti tán, á dúró síbẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn ìyẹn, kò ní wò ó mọ́. Ó dà bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà tó rí ọkọ̀ òfìfo kan tó ń bọ̀, tó wá lọ jókòó sábẹ́ igi, tí lọ́rì tó kó gbogbo ẹrù sì kọjá láì jẹ́ pé ó rí i. Ọ̀rọ̀ kíkí mi ni ọkọ̀ òfìfo náà. Dáàṣì r mi wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rí i.

“Kí ló wá dé tó ń sọ fún mi pé ó ti parí?”

“Torí ó parí lóòótọ́. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé tí kò bá rí àṣẹ kankan, kó ṣáà gba ohùn yín pa mọ́, kí iná má baà lọ kí ọ̀rọ̀ yín sọnù. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú yín, Daddy. Wọn ò kúrò ní Kétu.” Ó mí kanlẹ̀. “Kí ló dé tí ẹ fi fi mama ṣíwájú?”

“Ta ló bí ọ? Ṣé èèyàn á máa ránṣẹ́ kó tó pe ẹni tó ń ránṣẹ́ sí?”

“Daddy, kọ̀ǹpútà ni.”

“Kọ̀ǹpútà tó ń gbé ní Kétu,” mo ní.

Ó ní ọjọ́ Monday ni àwọn fẹ́ lọ pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà, Mummy ò sì ní gbọ́ àlàyé lẹ́nu òun, wọ́n á ní òun ń gbèjà bàbá òun. Ohùn yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́. Ó kọ́ mi ní lẹ́tà tuntun kan, dáàṣì g, tó túmọ̀ sí gbogbo. Mo tẹ ohun -g -r mama. Ó dùn mí bí ẹni wọ ilé onílé láì kan ilẹ̀kùn. Mo fi ẹnu kí i kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Ìyẹn, wọn ò lè kà á sí mi lọ́rùn.

Àwọn ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò wọlé. Ti ẹ̀fọn Ìkòsì tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ló ṣáájú. Irọ́ wúwo, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní gbogbo ẹ̀yìn ọjà fà bí ìgbín. Kò pẹ́ tí ọ̀gá oníkáfẹ̀ fi yọjú lójú fèrèsé.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń kó jáde látọ̀sán? Àwọn kọ́sítọ́mà mi ti fẹ́ gbé mi mì.”

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò fi nǹkan kan kún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ti òótọ́ náà ló kẹ́yìn, gbogbo irọ́ mi sì wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà.

“Jẹnẹrétọ̀ mi fẹ́ sinmi,” ó ní.

“Mo mọ̀.”

“Epo inú ẹ̀ ò lè gbé gbogbo ìyẹn.”

“Mo mọ̀, ọ̀gá mi.”

Ó fi ọwọ́ pa orí. Ó padà lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà nínú káfẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ọ̀nà dí, ará Ẹ̀gbá kan ló ń bẹ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kó bá àwọn kí i pé ẹ̀bẹ̀ náà pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ gálọ́ọ̀nù tó ń dún mọ́ ẹnu jẹnẹrétọ̀, ó ń bu epo sí i. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, títí èyí tó kẹ́yìn fi kúrò nílé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tẹ ohun -f, tí mo rí i pé ohùn kan dé. Ó gùn. Ìyàwó mi ní òun jókòó ti ẹ̀rọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹsì sì jóná mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀fọn télọ̀ yẹn, irọ́ burúkú ni. Ó ní, “Mo gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Mo tún un gbọ́. Mo ní kí wọ́n má pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ yín ti bá àwọn tó ni ọkọ̀ òfuurufú sọ ọ́ lórí fóònù kí ìyàwó ẹ̀ tó dá a lẹ́kun, àyè ti lọ. Ó di ẹ̀yìn ọdún. Ẹ má bínú, Daddy. Mo rò pé ẹ ti ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni.”

Ẹ̀yìn ọdún jìnnà. Ọmọ wa tún síkírípìtì náà kọ, ó sì fi tuntun ránṣẹ́: bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ kò bá ní dáàṣì, kó rọra mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì, títí yóò fi kan dáàṣì, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣẹ, kó sì padà lọ mú orúkọ tó ti fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà. Mo wá ń kí ìyàwó mi tẹ́rùn. Lójoojúmọ́ ni a ń bá ara wa sọ̀rọ̀, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí ju ti ìgbà tó dákẹ́ lọ. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀, èèyàn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó ń sọ fún ọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bí o ṣe ń jẹ èèpo iṣu, níbo lo fẹ́ gbé ara sí?

Ó dé nígbà ọyẹ́. Ó ti fọn, kóòtù rẹ̀ sì ń rùn bí ilé ẹlòmíràn. Fún ọjọ́ díẹ̀, ojú ń ti àwa méjèèjì. A ti mọ́ ohùn ara wa lára, a ò mọ ohun tí a fẹ́ fi ojú ṣe. Ní àárọ̀ kan, ó fa àga, ó jókòó síwájú mi.

“Ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn nínú ẹ̀rọ yẹn,” ó ní, “ẹ sọ ọ́ lójú mi.”

“Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?”

“Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin ò tíì sọ ọ́.”

Mo la ẹnu. Ìtàn kan ti wà lórí ahọ́n mi, ti ewúrẹ́ kan tó mọ gbogbo ìyànà Ìṣẹ́rì. Ó ń wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó dúró dè mí ni. Mo gbé ewúrẹ́ náà mì.

“Má lọ mọ́,” mo ní.

“Mo gbọ́,” ó ní. Ó dìde, ó lọ wo ohun tí mo ti fi àwọn ìkòkò rẹ̀ ṣe.

Ó tún lọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọmọ kejì dé, ta ló máa wẹ̀ ẹ́? Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọjọ́ tó máa padà, ó sì dá a kó tó gbà láti lọ.